Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Kọ́kọ́ Gbọ́ Ewì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àbúrò tó fẹ́ ṣe WAEC, ẹ yẹ nóòtì lítíréṣọ̀ rẹ̀ wò. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń múra WAEC 2025, orúkọ ọnà èdè ló há sórí: àfiwé, àwítúnwí, ìfohunpènìyàn. Mo bi í pé kí ni àwọn ẹranko inú "The Leader and the Led" tí Niyi Osundare kọ ń bára wọn fà. Ó ní, "Àǹtí, wọn ò fún wa ní ìyẹn."

Háà! Ipò olórí mà ni, bíi tàwọn olóṣèlú wa gẹ́lẹ́.

Mo ní kó pa nóòtì dé, kó ka ewì náà sókè lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó bú sẹ́rìn-ín: "Ṣé kò wá sẹ́ni tí ò lálèébù nínú wọn ni?" Ibi tí mò ń lọ nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ni Osundare, ọmọ Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, fi kọ ọ́, àmọ́ ọmọ tó ti gbọ́ àlọ́ ìjàpá rí kò ní ṣìnà nínú rẹ̀.

Àwa tá a ka lọ́ọ̀ náà há orúkọ ẹjọ́ sórí. Adájọ́ á kàn bi ọ́ pé kí lo fẹ́ fi ẹjọ́ náà fà yọ. Bákan náà ni ẹni tó ń máàkì: "ìfohunpènìyàn wà níbẹ̀" ò tó, kí ló ń ṣe níbẹ̀?

Owó páńfúlẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ fi ra dátà fún un.