Bí Eyín Bá Dákẹ́ Lójijì, Kò Tíì San

Eyín la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lọ́tẹ̀ yìí, pàápàá eyín tó ń dunni lóru tí kì í jẹ́ ká sùn, tó sì wá dákẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀pọ̀ wa ní Ìdànrè níbí a máa dúpẹ́ nígbà tó bá dákẹ́, a ó sì gba oko kòkó lọ. Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà.

Eyín kì í ṣe òkúta. Ihò tóóró kan wà láàárín rẹ̀ tí ẹran rírọ̀, iṣan àti ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, tó gba inú gbòǹgbò lọ sí egungun àgbọ̀n. Bí akokoro bá jẹ eyín dé ibẹ̀, ẹran yẹn á wú, kò sì ní àyè tó lè wú sí. Ìdí nìyẹn tí ìrora náà fi ń le tó bẹ́ẹ̀, tí ẹ̀kọ gbígbóná á ta á, tí títa náà kò sì ní í lọ bọ̀rọ̀. Nígbà tó bá yá, iṣan á kú. Òkú kì í mọ ìrora. Ṣùgbọ́n ohun tó kú síbẹ̀ á máa jẹrà, á máa jò láti ṣóńṣó gbòǹgbò sínú egungun, títí erìgì yóò fi yọ oówo tàbí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò fi wú.

Kápúsù tí a ń rà ní kẹ́mísì lè mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fà, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé oògùn kiri, ẹ̀jẹ̀ kò sì dé inú eyín tó ti kú mọ́. Kànáfùrù lè mú ara tu díẹ̀, a kò bá a jà. Omi bátìrì tí àwọn kan ń kán sí ihò eyín ńkọ́? Ásíìdì ni, ó ń jó ẹnu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò.

Ohun méjì ló kù: kí wọ́n yọ eyín náà, tàbí kí wọ́n tọ́jú gbòǹgbò rẹ̀, èyí tí àwọn dókítà eyín ń pè ní root canal. Yíyọ kò wọ́nwó tó o, bí eyín bá sì ti fọ́ wọnú gbòǹgbò, òun ló tọ́. Ṣùgbọ́n eyín tí gbòǹgbò rẹ̀ ṣì dúró dáadáa, ó ń dùn wá pé a ń sáré yọ ọ́. Ti àgbàlagbà kì í tún hù.

Wọn yóò kọ́kọ́ ya àwòrán eyín, wọn yóò fún erìgì ní abẹ́rẹ́ kí ibẹ̀ lè kú tìpìrì. Wọn yóò lu orí eyín, wọn yóò fi irin tín-ín-rín ha òkú ẹran inú rẹ̀ kúrò, wọn yóò fi oògùn fọ̀ ọ́, wọn yóò sì dí i pa. Eyín iwájú sábà máa ń ní ojú ihò kan. Eyín ẹ̀yìn lè ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìdí rẹ̀ nìyí tí ó fi ń pẹ́, tí wọ́n lè ní kí ẹ padà wá lẹ́ẹ̀kejì. Oje igi kan láti ìhà Malaysia ni wọ́n fi ń ṣe rọ́bà tí wọ́n fi ń dí i, bí irú èyí tí wọ́n ń kọ lára igi rọ́bà lọ́dọ̀ wa ní Ondó. Kí ọkàn ẹni tó ń bẹ̀rù èèwọ̀ balẹ̀.

Ní ti ààwẹ̀, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù lágbàáyé tó jókòó ní Jeddah ní 1997 sọ pé lílu eyín tàbí yíyọ rẹ̀ kò ba ààwẹ̀ jẹ́, bí aláààwẹ̀ kò bá ti gbé ohunkóhun mì. Ẹni tí ara rẹ̀ bá gbà á lè fi í sí alẹ́.

Láti Ìdànrè, Àkúrẹ́ àti Ondó ló súnmọ́ wa. UNIMED tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2015 ní ẹ̀ka ìtọ́jú eyín. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n ń ṣe eyín ẹ̀yìn, àti iye tí ìdérí rẹ̀ yóò jẹ́, torí owó ọ̀tọ̀ ni. Bí wúwú bá dé abẹ́ àgbọ̀n, tí itọ́ ṣòro láti gbé mì tàbí tí mímí di ìṣòro, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ó lè pani.

Eyín tí wọ́n ti tọ́jú báyìí kì í lágbára tó ti tẹ́lẹ̀. Títí wọn yóò fi dé e, ẹ má fi fọ́ obì, ẹ má sì fi fọ́ egungun ẹran Iléyá.