Ìwé ìlànà tí kò lò tó ọ̀sẹ̀ méjì: Kí ló kan aláboyún etí òkun Àgbádárìgì?

Oṣù kan wà tí ọ̀rọ̀ oyún gba ẹnu gbogbo ayé kan. Ìparí oṣù kẹfà sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù keje ọdún 2022 ni. Lọ́jọ́ 24 oṣù kẹfà ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ l'Amẹ́ríkà wọ́gi lé ìdájọ́ ọdún 1973 tó fún àwọn obìnrin ibẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣẹ́yún. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ lẹ́yìn ìyẹn tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìwé ìlànà kan jáde fún àwọn dókítà. Kí oṣù keje tó dá sí méjì, àwọn olórí ẹ̀sìn ti fárígá, Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú sì ti pàṣẹ pé kí wọ́n dá ìwé náà dúró ná.

Ariwo tó sọ lórí rédíò lákòókò náà pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìjọba Èkó ti ní kí oníkálukú máa ṣẹ́yún bó ṣe wù ú. Irọ́ gbáà ni. Ìwé náà kò dá òfin tuntun kankan sílẹ̀. Òfin tó ń ṣàlàyé wà ńlẹ̀ láti ọdún 2011, ìyẹn òfin ìwà ọ̀daràn ti ìpínlẹ̀ Èkó. Òfin ọ̀hún sọ pé dókítà tó bá fi òótọ́ inú àti ìmọ̀ iṣẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún aláboyún, láti dáàbò bo ẹ̀mí ìyá àti ìlera ara rẹ̀, kò jẹ̀bi. Ẹni tó bá ṣe é láìsí ìdí tí òfin mọ̀ ṣì lè fẹ̀wọ̀n jura. Ní ti òfin àtijọ́ tí àwọn Òyìnbó fi sílẹ̀ fún ìhà gúúsù Nàìjíríà, ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ló wà fún ẹni tó ṣẹ́yún fún obìnrin, ọdún 7 sì ni ti obìnrin náà fúnra rẹ̀. Nítorí ẹ̀mí ìyá nìkan ni wọ́n fi lè yọ̀ǹda iṣẹ́ abẹ.

Ibi tí wàhálà wà ni pé òfin sọ pé "ìlera ara", kò sọ irú àìsàn wo, kò sì sọ ẹni tó yẹ kó pinnu. Ìdí tí wọ́n fi kọ ìwé ìlànà nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ náà wá sílé. Ẹni tó bá mọ Àgbádárìgì mọ̀ pé ilẹ̀ iyanrìn gbọọrọ kan wà láàárín ọ̀sà àti òkun, níbi tí Gbèrèfú àti Yovoyan wà. Ọkọ̀ ojú omi lèèyàn ń wọ̀ kó tó kan ìlú. Ká ní aláboyún kan ń gbé níbẹ̀ tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru gidi gan-an tí gìrì sì fẹ́ mú un. Òru ni. Wọ́n ní láti jí ọlọ́kọ̀ ojú omi, wọ́n ní láti wá ọ̀kadà ní òdìkejì, bí wọ́n bá sì ní kó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Èkó, ọ̀nà Àgbádárìgì tó ti fi ojú àwọn awakọ̀ rí màbo láti ọjọ́ pípẹ́ ló ń dúró dè é. Bó bá wá dé ọ̀dọ̀ dókítà, kó má lọ jẹ́ pé ẹ̀rù ọlọ́pàá ni dókítà náà ń bà. Dókítà tí kò mọ ibi tí òfin fàyè gbà dé yóò ní kí wọ́n máa lọ. Wọ́n á wá yà lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta àgúnmu.

Ẹ wo òdìkejì bodè. Lóṣù kẹwàá ọdún 2021, àwọn aṣòfin orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ jókòó ní Àjàṣẹ́, wọ́n sì fẹ òfin tiwọn lójú. Tẹ́lẹ̀, ìfipábánilòpọ̀, oyún láàárín ìbátan, ewu fún ẹ̀mí ìyá tàbí àìsàn ńlá lára ọmọ inú ni wọ́n mọ̀. Wọ́n fi kún un pé obìnrin lè ní kí wọ́n yọ oyún tí kò tíì ju ọ̀sẹ̀ 12 lọ bó bá máa da ayé rẹ̀ tàbí ẹ̀kọ́ rẹ̀ rú. Mínísítà ìlera wọn, Benjamin Hounkpatin, sọ pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200 obìnrin tó ń kú lọ́dọọdún lọ́wọ́ ìṣẹ́yún tó gbòdì. Ẹ̀gùn kan náà ni wọ́n ń sọ ní Àgbádárìgì àti ní Àjàṣẹ́, wọ́n ń gbé ìyàwó lọ́wọ́ ara wọn, ṣùgbọ́n ohun tí dókítà lè ṣe yàtọ̀ pátápátá ní Sẹ̀mẹ̀ àti ní òdìkejì rẹ̀.

Mi ò ní kí Èkó ṣe bíi ti Bẹ̀nẹ̀ o. Ẹ̀sìn wa lágbára, Àgbádárìgì gan-an ni ìwàásù ìhìnrere ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1842, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rù àwọn tó gbà pé ẹ̀mí ni oyún ṣe yẹ̀yẹ́. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ìjọ Kátólíìkì l'Ékòó, Alfred Adewale Martins, wà lára àwọn tó ní kí ìjọba jáwọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo ní sí wọn kò ju ọ̀kan lọ: òfin ọdún 2011 ni kí wọ́n bá jà bí wọ́n bá fẹ́ jà. Nígbà tí a dá ìwé àlàyé dúró, òfin kò kúrò níbẹ̀. Òkùnkùn ló ṣù bò ó.

Ìṣẹ́yún nìkan kọ́ ló ń pa aláboyún. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ya lẹ́yìn ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti kòkòrò inú ilé ọmọ wà níbẹ̀. Àjọ ìlera àgbáyé WHO ṣírò pé nǹkan bí 75,000 ìyá ló kú ní Nàìjíríà lọ́dún 2023 nítorí oyún àti ìbímọ, ìyẹn ju ìdámẹ́rin gbogbo irú ikú bẹ́ẹ̀ lágbàáyé lọ. Nínú ìwádìí ìjọba ti ọdún 2018, obìnrin 12 péré nínú 100 tó wà nílé ọkọ ló ń lo ètò ìfètò-sọ́mọ-bíbí ti ìgbàlódé. Ẹni tí kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ìṣẹ́yún máa jáde lẹ́nu, ibẹ̀ ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀: kí bàbá ilé má ṣe bínú bí ìyàwó bá lọ rí nọ́ọ̀sì, kí àwọn ìyá àgbà sì jẹ́ kí agbẹ̀bí tètè gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya.

Nígbà tí wọ́n dá ìwé náà dúró, ìjọba ní àwọn yóò ṣe ìlanilọ́yẹ̀, àwọn yóò sì fikùnlukùn pẹ̀lú gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn. A ń retí kí wọ́n wọkọ̀ ojú omi dé Yovoyan.