Ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ: Ẹ má pe ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ọmọ ní ìmẹ́lẹ́

Ìparí oṣù Keje ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé lọ́dọ̀ wa máa ń ti ilẹ̀kùn, ó di oṣù Kẹsàn-án. Àwọn òbí á ti máa wá ibi iṣẹ́ ọwọ́ àti ilé kéú tí yóò gba ọmọ láti àárọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹjọ́ tí wọ́n máa ń gbé wá bá àwa áfáà lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ lásìkò yìí, ọ̀kan náà ni: "Áfáà, ọmọ yìí kò mọ̀ ju oorun lọ mọ́. Bí a bá bá a sọ̀rọ̀, á fajú ro. Ẹ bá wa gbàdúrà fún un."

Àdúrà kì í pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìsinmi gbà lọ́wọ́ ọmọ ọdún 14 tàbí 16. Kò sí aago ilé ìwé tí yóò jí i mọ́. Ọ̀rẹ́ tó máa ń sọ ohun tí kò lè sọ fún bàbá rẹ̀ fún kò sí nítòsí. Fóònù ló kù, òun náà ni kì í jẹ́ kó sùn títí di ìdájí, tí ìrun Àsùbáà á fi kọjá lórí rẹ̀, tí ariwo á sì sọ. Ìyá rò pé ọmọ ti ya ìmẹ́lẹ́. Ọmọ rò pé wọn kò fẹ́ràn òun mọ́.

Ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí SS3 tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oṣù Kẹjọ ni èsì WAEC sábà máa ń jáde. Gbogbo àdúgbò ló ń béèrè, "Ṣé ó ti jáde?" Bí kò bá wá dára, ọ̀rọ̀ kan kì í wọ́n lẹ́nu wa: "Ṣé orí méjì ni ọmọ tó yege ní?" Àwa náà ti sọ ọ́ rí nínú ilé wa, a sì rí bí ojú ọmọ náà ṣe ṣú.

Àwọn kan á ní àìlera ìgbàgbọ́ ló ń fa ìbànújẹ́ ọmọ Mùsùlùmí. Ẹni tó bá ka Súrà Yúsúfù kò yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀. Ànábì Yàkúbù banú jẹ́ nítorí ọmọ rẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi funfun, Ànábì Ọlọ́hun náà ni síbẹ̀.

Ẹ tún wo Ánásì ọmọ Máálíkì. Nǹkan bí ọmọ ọdún 10 ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sin Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní Mẹ̀dínà, ó sì lo ọdún 10 lọ́dọ̀ rẹ̀. Gbogbo ìgbà ọ̀dọ́langba rẹ̀ nìyẹn. Ó ní kò ṣe ṣíọ̀ sí òun rí. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n rán an níṣẹ́, ó dúró ti àwọn ọmọ tó ń ṣeré lọ́jà. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ wá bá a, ó di ọrùn rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, ẹ̀rín ló ń rín, ó sì fi orúkọ ìkẹ́ pè é kó tó béèrè iṣẹ́ tó rán an.

Nítorí náà, ẹ má pe ọmọ jókòó bí ẹni ń ṣẹjọ́. Ẹ jọ máa bó ẹ̀gúsí, ẹ jọ rìn bọ̀ láti mọ́sálásí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde. Bó bá dákẹ́, ẹ jẹ́ kó dákẹ́. Wáàsí lè dúró di ọ̀la. Kí fóònù gbogbo ilé, ti bàbá náà, sun pálọ̀ lálẹ́.

Bí ìbànújẹ́ bá ń bá a jí lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tí kò jẹun, tí ohun tó fẹ́ràn kò wù ú mọ́, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn. Láti 1954 ni ilé ìwòsàn Aró ní Abẹ́òkúta ti ń tọ́jú irú àìsàn bẹ́ẹ̀, ti Yábàá náà wà ní Èkó. Rukíyà kò dí i lọ́wọ́. Bó bá sì sọ pé ikú sàn fún òun, ẹ má pè é ní eré: ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kẹ́ ẹ sì kó oògùn kòkòrò kúrò níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó.

Ohun tí ọmọ bá sọ fún yín, ẹ má gbé e lọ sí àsàlátù lọ́jọ́ Àìkú, kódà lórúkọ àdúrà. Bó bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, kò ní sọ òmíràn fún yín mọ́.