Nígbà Tí Àìsàn Bá Pẹ́ Nílé: Bí Ìforítì Nínú Àdúrà Ṣe Ń Rí

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí àìsàn ńlá bá wọlé, àdúrà kì í wọ́n. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá á wá, ẹgbẹ́ akọrin á wá, alàgbà á gbé Bíbélì há abíyá wọ wọ́ọ̀dù, wọn á sì ṣe àmín tó máa mú kí nọ́ọ̀sì yọjú. Oṣù kẹta ni wàhálà. Nígbà yẹn, kálukú ti padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, owó ti ń tán, nǹkan ti sú aláìsàn fúnra rẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ sì ń rò ó pé kí ló tún kù tí òun fẹ́ sọ fún Ọlọ́run. Ibẹ̀ gan-an ni ìforítì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ṣáájú rẹ̀, ìtara ni.

Bàbá mi ni rọpárọsẹ̀ kọ lù ní tiwa. Ìyá mi ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò, ó kọ orúkọ bàbá mi sí ojú ewé àkọ́kọ́, ó sì fa ìlà sí i nídìí. Mo rò pé ohun tí dókítà bá sọ ló fẹ́ máa kọ síbẹ̀. Rárá o. Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ló ń kọ lójúmọ́. “Kí ó lè gbé omi mì.” “Kí ó sùn mọ́jú.” “Kí ó pe orúkọ mi.” Èyí tó bá ti rí gbà, á fi bírò pupa fa igi sí i.

Ọgbọ́n wà nínú ohun tó ń ṣe yẹn. “Olúwa, wò ó sàn” dára, ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń wí i fún oṣù mẹ́rìnlá, ẹnu á máa sọ ọ́, ọkàn á ti lọ sọ́jà. Ẹ̀bẹ̀ kékeré ló ń jẹ́ kí ọ̀la ní ohun tí a máa sọ. Ohun mìíràn tún ni pé èèyàn ò lè bèèrè pé kí aláìsàn gbé omi mì bí kò bá tíì jókòó tì í, kó wo bí ọ̀fun rẹ̀ ṣe ń ṣe. Àdúrà yẹn ń mú ojú ẹni tó ń gbà á wà lára aláìsàn.

Lúùkù orí 18 ni àwọn oníwàásù ti sábà máa ń mú ọ̀rọ̀ ìforítì: opó kan tó ń lọ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ adájọ́ tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run, títí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi sú adájọ́ náà tó sì dá a láre. Ọ̀pọ̀ gbọ́ ọ, wọ́n rò pé ńṣe ni kí a dààmú Ọlọ́run títí yóò fi gbà. Òdìkejì ni Jésù ń sọ. Bí adájọ́ burúkú bá lè dáhùn, mélòó-mélòó ni Bàbá tó fẹ́ràn ọmọ. Lúùkù sì ti sọ ìdí tí Jésù fi pa òwe náà kó tó bẹ̀rẹ̀ rárá: kí àárẹ̀ má bàa mú àwọn tó ń gbàdúrà. Àwa ni ìforítì wà fún.

Bí ìforítì ṣe máa ń pẹ́ tó, ẹ wo Mónìkà, obìnrin ará Thagaste, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Àlgéríà lónìí. Ọmọ rẹ̀, Augustine, ya lọ sínú ẹ̀sìn míì, ti àwọn ọmọlẹ́yìn Mani, ó sì ń bá obìnrin kan gbé láìṣègbéyàwó. Ìyá yìí sunkún lé e lórí fún ọdún tó lé ní mẹ́wàá. Ní ọdún 383, Augustine fẹ́ wọkọ̀ ojú omi lọ sí Róòmù; ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e dé èbúté, ó ní òun ò ní í jẹ́ kó lọ. Ọmọ náà purọ́ fún un pé ọ̀rẹ́ òun lòun fẹ́ sìn. Ìyá wọ ilé àdúrà kan nítòsí, ó fi òru náà bẹ Ọlọ́run pé kí ọmọ òun má lọ. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ọkọ̀ ti ṣí. Bí a bá béèrè lọ́wọ́ Mónìkà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, á ní Ọlọ́run ò gbọ́ àdúrà òun. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò yẹn ló gbé Augustine dé Milan, ibẹ̀ ló ti gbọ́ ìwàásù Bíṣọ́ọ̀bù Ambrose, ó yí padà ní 386, Ambrose sì ṣèrìbọmi fún un ní Àjíǹde ọdún 387. Ọdún yẹn náà ni Mónìkà kú ní Ostia, nínú ọdún kẹrìndínlọ́gọ́ta ọjọ́ orí rẹ̀. Augustine fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn yìí sílẹ̀.

Ẹnìkan kì í dá ẹrù àdúrà yìí rù. Nínú Máàkù orí 2, mẹ́rin ni àwọn tó gbé arọ kan lọ sọ́dọ̀ Jésù tí wọ́n sì tú òrùlé, ìgbàgbọ́ tiwọn ni wọ́n sì sọ pé Jésù rí. Jákọ́bù ní kí aláìsàn pe àwọn àgbààgbà ìjọ kí wọ́n fi òróró pa á lára. Nílé tiwa, a pín in. Aago márùn-ún ìdájí, a ó bá ara wa lórí fóònù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹni tí ó kàn ló ń darí. Àbúrò mi wà ní Mánṣẹ́sítà. Ní ìgbà òtútù, aago mẹ́rin ni lọ́dọ̀ tirẹ̀, ìgbà míì a máa gbọ́ ìhanrun rẹ̀ dípò àmín. A kì í jí i. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá tán lẹ́nu gbogbo wa, ẹnìkan á ka Sáàmù kan. Sáàmù 88 ń ṣàròyé láti òkè dé ilẹ̀, inú òkùnkùn ló sì parí sí. Ara tù mí nígbà tí mo mọ̀ pé irú rẹ̀ wà nínú Bíbélì.

Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀ ò gùn: ẹni tí ara rẹ̀ le ni kó gbà á. Aláìsàn tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ fi ebi àti òùngbẹ pa ara rẹ̀. Ìdílé lè gbà á fún un.

Ti oògùn ló gùn. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà jà ní 1918, tí oògùn òyìnbó ò rí i ṣe, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àdúrà kan ní Ìjẹ̀bú-Òde, Sophia Ọdúnlámì wà lára wọn, gba àdúrà mú gẹ́gẹ́ bí ìwòsàn kan ṣoṣo. Wọ́n dara pọ̀ mọ́ Faith Tabernacle ti Philadelphia, wọ́n kọ oògùn ìbílẹ̀ àti ti òyìnbó sílẹ̀. Lẹ́yìn ìsọjí oníwàásù Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè-Ooye, Iléṣà, ní 1930, wọ́n pe àwọn òjíṣẹ́ Apostolic Church láti Bìrìtéènì. Ìgbà tí wọ́n rí i pé àwọn òyìnbó náà ń lo kíníìnì fún ibà, ìjà dé. Ó wà lára ohun tó fa ìpínyà tí Christ Apostolic Church fi dá dúró. Mo mọ iyì ìgbàgbọ́ àwọn bàbá wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n èmi wà lẹ́yìn wòlíì Aísáyà. Nígbà tí Ọba Hesekíà ṣàìsàn tó sì sunkún, Ọlọ́run fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀, wòlíì yẹn kan náà sì ní kí wọ́n lẹ èso ọ̀pọ̀tọ́ mọ́ eéwo rẹ̀. Ìyá mi máa ń gbàdúrà lé oògùn lórí, á wá wo aago kó má bàa pẹ́ ju.

Ohun kan wà tó ń ba àdúrà ẹbí jẹ́. Bí àìsàn bá ti pẹ́, ẹnìkan á ní òun ríran: àgbà kan nínú ẹbí ló wà nídìí ẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ọ̀tá ni à ń gbàdúrà lé lórí, a ti gbàgbé aláìsàn. Aríran kan dé ọ̀dọ̀ wa náà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló tọ́ka sí, ẹni tó ń se ọbẹ̀ ránṣẹ́ sí wa ní gbogbo Sátidé. Ọ̀rọ̀ náà ta sí ẹ̀gbọ́n yìí létí. Oṣù méjì la ò fi rí ọbẹ̀, a ò sì rí òun náà.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀bẹ̀ ló ń rí gbà. Pọ́ọ̀lù bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta nítorí ẹ̀gún inú ara rẹ̀. Ẹ̀gún náà dúró. Dáfídì fi ọjọ́ méje gbààwẹ̀ lórí ọmọ rẹ̀, ọmọ náà kú, Dáfídì sì dìde, ó wẹ̀, ó jẹun, ó ya àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ lẹ́nu.

Ní oṣù karùn-ún, bàbá mi sọ̀rọ̀. Orúkọ àbúrò ìyá mi ló kọ́kọ́ pe ìyá mi. Ìyá mi ní òun gbà á bẹ́ẹ̀, ó fa igi pupa rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ “Kí ọwọ́ òsì rẹ̀ ká.” Ó kọ ọ́ lójú ewé kan, ó ṣí i, ó tún kọ ọ́, láìsí igi pupa kankan, títí ìwé náà fi kún. Ó rán mi lọ ra òmíràn.