Ìtìjú Ẹni Tí Ó Jẹ Gbèsè

Bí àgbàlagbà bá ń súre fún ọmọ ní Ìlọ́fà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ Kwara, yálà ẹ̀mí gígùn ni ó tọrọ fún un tàbí owó, kò ní ṣàì fi kún un pé ojú kò ní tì í láwùjọ. Nítorí ikú yá ju ẹ̀sín lọ, òfìfo sì ni ọlá ẹni tí kò ní ojú tí yóò fi wo ènìyàn mọ́.

Oríṣi méjì ni ìtìjú. Èyí àkọ́kọ́ ń gbé inú ẹni: òun ni kì í jẹ́ kí ọmọ tí a bí ire nawọ́ òsì sí àgbà, tàbí kí ó mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, ẹni tí kò bá ní in ni à ń pè ní aláìnítìjú, èébú náà kò sì kéré. Èkejì ni èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń gbé wọ ènìyàn lójú gbangba. Níbi ọ̀rọ̀ gbèsè ni àwọn méjèèjì ti ń pàdé, nítorí ìtìjú inú onígbèsè ni olówó gbẹ́kẹ̀ lé nígbà tí ó ń ka owó fún un. Bí ìyẹn bá kùnà, olówó a sì wá ti ìta kún un.

Àlùfáà Samuel Johnson, tí ó parí ìwé ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, tí a kò sì rí i tẹ̀ jáde títí di 1921, ṣàlàyé bí a ti ń dógò ti onígbèsè láyé ọjọ́un. Ẹni tí a bẹ̀ níṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ológò, a wọ agbo ilé onígbèsè bí ẹni pé òun ni ó kọ́ ọ, a na ara rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ó bá wù ú, a bú tọmọdé tàgbà, a sì pa adìẹ onílé jẹ láìyọ owó rẹ̀ kúrò nínú gbèsè. Kò pẹ́ kò jìnnà, àwọn ará ilé a dáwó jọ. Ẹnìkan ni ó jẹ gbèsè, ṣùgbọ́n gbogbo agbo ilé ni ojú ń tì.

Lẹ́yìn ogun Kírìjì, nígbà tí ọ̀nà là, àwọn Ìjẹ̀ṣà ọmọ Obòkun gbé aṣọ lérí, wọ́n gba ilẹ̀ Èkìtì àti Ìgbómìnà kọjá lọ sí òkè, wọ́n ń tà láwìn, wọ́n ń gba owó díẹ̀díẹ̀; òṣómàáló ni wọ́n ń pè wọ́n. Bí owó bá há, kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere, kí baálé tó gbé àdá kọ́ èjìká, òṣómàáló ti lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà. Kò ní jókòó lórí àpótí tí a gbé fún un, kò sì ní gba omi tí a fi lọ̀ ọ́; àwọn tí ń pọnmi bọ̀ láti odò a kí i, wọn a sì ṣíjú wo onílé. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni ìlérí rẹ̀, pé lórí ìlóṣòó ni òun yóò wà títí owó òun yóò fi pé. Bí ó bá sì ti pé, yóò dìde, yóò tú ẹrù, yóò sì ní kí onílé kan náà wá yan aṣọ mìíràn.

Lóde òní, inú fóònù ni òṣómàáló ń gbé. Áàpù tí ń yáni lówó kì í béèrè onídùúró. Àyè láti wo nọ́ńbà gbogbo ẹni tí a mọ̀ ni ó ń béèrè. Ọjọ́ tí owó bá yẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ a bẹ̀rẹ̀ sí í dún lọ́dọ̀ àna ẹni, lọ́dọ̀ pásítọ̀, lọ́dọ̀ ọ̀gá ibi iṣẹ́, àti lọ́dọ̀ ẹni tí ó ra iṣu lọ́wọ́ ẹni lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, pé olè ni lágbájá, àwòrán rẹ̀ sì nìyí. Ní oṣù kẹjọ 2021, àjọ NITDA tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé ilé-iṣẹ́ Sokoloan nítorí irú ìwà yìí. Ní oṣù kẹta 2022, àjọ FCCPC tí ń gbèjà oníbàárà ya wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan ní Èkó, ó sì gbé ìlànà ìforúkọsílẹ̀ kalẹ̀ fún wọn lọ́dún náà. Ní 2023, Google pẹ̀lú kọ̀ fún irú áàpù bẹ́ẹ̀ láti máa wo nọ́ńbà inú fóònù oníbàárà.

N kò sọ pé àtijọ́ sàn jù: ológò rorò, ọ̀pọ̀ ọmọ ni a sì fi ṣe ìwọ̀fà nítorí kí ojú má baà ti baba wọn. Ṣùgbọ́n ìtìjú àtijọ́ ní ààlà, ó sì ní òpin. Ẹni tí ó lóṣòó, a mọ ojú rẹ̀, àgbà sì lè bẹ̀ ẹ́. Àwọn tí ń wòran gan-an ni wọ́n lè dáwó. Èyí tí fóònù ń fọ́n ká, àwọn tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń gbọ́ ọ. Bí onígbèsè bá sì san tán, kò sí àtẹ̀jíṣẹ́ tí yóò kéde pé ó ti san. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Áàpù kò ní ọwọ́ ọ̀tún.

Síbẹ̀, ẹni tí ó yá egbèfà tí kò san án bẹ́gi dínà egbèje. Kí ẹni tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn tètè tọ olówó lọ kí ọjọ́ tó pé, kí ó sọ iye tí agbára rẹ̀ ká. Kí ẹni tí a bà lórúkọ jẹ́ fẹjọ́ sun àjọ FCCPC. Àwa tí irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá sì dé ọ̀dọ̀ wa, kí a má fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Kí a pe ẹni náà, kí a bi í léèrè iye tí ó kù.