Àwòrán Màlúù Lára Àpáta Birnin Kudu

Ní Birnin Kudu, ní Ìpínlẹ̀ Jigawa, àwọn òkè àpáta kan wà tí a ń pè ní Dutsen Mesa àti Dutsen Habude. Níbi tí àpáta ti ṣíji bolẹ̀ bí òrùlé ni àwọn ará ìgbàanì ti fi ilẹ̀ pupa ya àwòrán màlúù sí i. Ọ̀pọ̀ màlúù inú àwòrán náà ni kò ní iké lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ oníké ni èyí tí àwọn Fúlàní ń dà ní agbègbè náà lónìí. Àwòrán yìí wá di ẹ̀rí pé irú ẹran mìíràn ti jẹko níbẹ̀ rí. Àwọn òkúta tí ń dún bí agogo tún wà nítòsí. Bernard Fagg, tí ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba lórí nǹkan àtijọ́ nígbà náà, kọ̀wé nípa irú wọn ní ọdún 1956.

Kò rọrùn láti mọ ọjọ́ orí irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yà èédú tí ó máa ń wà nínú igi, egungun àti ewé ni àwọn onímọ̀ fi ń ṣírò ọdún nǹkan àtijọ́, ilẹ̀ pupa kò sì ní in. Nítorí náà ni gbogbo ohun tí ó wà nílẹ̀ yíká àpáta fi ṣe iyebíye: àpáàdì, eérú, egungun. Ẹni tí ó bá gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ láti kó yanrìn ti ba ẹ̀rí jẹ́, bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan àwòrán.

Láyé àtijọ́, àwọn kan a máa da omi sára àwòrán kí àwọ̀ rẹ̀ lè yọ. Omi náà a sì máa ṣí ọ̀dà kúrò díẹ̀díẹ̀. Lónìí, fọ́tò ni a ń yà, kọ̀ǹpútà a sì gbé àwọ̀ tí ó ti ṣá jáde.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá ní Kano, Jigawa àti Bauchi, bí ẹ bá mú àwọn ọ̀dọ́ lọ wo àpáta wọ̀nyí, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n dáná lábẹ́ rẹ̀, nítorí èéfín kì í ṣeé fọ̀ kúrò lára àwòrán. Kí ẹnikẹ́ni má sì kọ orúkọ sí i. (Ta ni nínú wa tí yóò gbà kí àlejò fi ìṣó kọ orúkọ sára Ọ̀pá Ọ̀rányàn ní Ilé-Ifẹ̀?) Láti ọdún 1979 ni òfin àpapọ̀ ti wà tí ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti ba ohun tí ìjọba ti kéde gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè jẹ́. Bí ẹ bá rí àwọn tí ń fọ́ òkúta nítòsí ibẹ̀, ẹ fi tó olórí àdúgbò létí, kí ẹ sì kọ ìwé sí ilé musíọ̀mù ìjọba àpapọ̀ ní Gidan Makama, Kano.