Ta Ni Yóò Máa Kọ Òjò Sílẹ̀? Ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti Àwọn Ará Etí Omi

Kò sí ọjà kan nílẹ̀ Ìjẹ̀bú tí a kì í ti í sọ̀rọ̀ òjò. Bí òjò bá pẹ́, àgbàdo a gbówó lórí. Bí ó bá rọ̀ jù, kòkó kò ní gbẹ, ọkọ̀ akógẹdú a sì rì sínú ẹrẹ̀. Olùkọ́ pàápàá mọ̀ pé bí òjò òwúrọ̀ bá ti le, ọ̀pọ̀ àga ni yóò ṣófo ní kíláàsì. Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àyípadà ojú ọjọ́ jẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó àti ti àwọn tí ń wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ sí ìpàdé nìkan. Ọ̀rọ̀ owó ọjà ni. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni. Ọ̀rọ̀ ilé tí a kọ́ sí etí omi ni.

Ibi mẹ́ta ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí ní Ìpínlẹ̀ Ògùn: Ìjẹ̀bú-Igbó tí ó wà létí igbó, Àgọ́-Ìwòyè tí yunifásítì wà, àti Ìjọba Ìbílẹ̀ Ogun Waterside tí ó kángun sí òkun. Bí a bá wò ó dáadáa, a ó rí i pé ìṣòro kan náà ni ó so wọ́n pọ̀, ọ̀kan nínú wọn kò sì lè dá a yanjú láìsí àwọn yòókù.

OHUN TÍ Ó DÉ BÁ OJÚ ỌJỌ́

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ọ́ bí yóò ti yé ọmọ iléèwé. Bí a bá ń sun epo bẹntiróòlù, èédú, gáàsì àti igi, afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù dàóksáìdì ni ń jáde. Afẹ́fẹ́ yìí kì í tètè kúrò lójú òfuurufú. Ó dà bí aṣọ ìbora: ìtànṣán oòrùn ń gba inú rẹ̀ kọjá wá sílẹ̀, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ooru ilẹ̀ jáde bí ó ti yẹ. Svante Arrhenius, ọ̀mọ̀wé ará Sweden, ti ṣírò ọ̀rọ̀ yìí láti 1896. Ní 1958, Charles Keeling, ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í wọn afẹ́fẹ́ náà lórí òkè kan ní Hawaii. Nígbà náà, bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ìdá mílíọ̀nù kan, nǹkan bí 315 ni tirẹ̀. Lónìí, ó ti kọjá 420. Títí di 2024, kò sí ọdún kankan nínú àkọsílẹ̀ tí ó gbóná tó ọdún náà.

Kí ni ooru wá ṣe kan òjò? Afẹ́fẹ́ tí ó gbóná a máa fa omi mọ́ra ju èyí tí ó tutù lọ. Nígbà tí ó bá sì fẹ́ tú u sílẹ̀, a tú u sílẹ̀ pẹ̀lú agbára. Ìdí nìyí tí òjò fi lè dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ó wá rọ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo bí ẹni pé ó ń san gbèsè. Ní 2022, omíyalé gba ẹ̀mí ènìyàn tí ó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ó sì lé àwọn tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé wọn. Kì í ṣe òjò nìkan ni ó fà á o. Ìsédò tí a tú omi rẹ̀ sílẹ̀ àti ilé tí a kọ́ sójú àgbàrá náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò tí ó pọ̀ jù ni ó sọ àṣìṣe wa di àjálù.

IGBÓ TÍ Ó NÍ ORÚKỌ

Orúkọ Ìjẹ̀bú-Igbó ti sọ ìtàn ara rẹ̀. Gẹdú, kòkó àti obì ni ó ti ń bọ́ ìlú náà, ariwo sọ́míìlì kò sì ṣàjèjì sí ọmọ ibẹ̀. Níhà ìlà-oòrùn ni Igbó Ọmọ̀ wà, igbó ọba tí ìjọba ti yà sọ́tọ̀ láti 1925, tí ó sì fẹ̀ ju 1,300 kìlómítà níbùú lóròó lọ. Ní 1946, wọ́n fi òfin de nǹkan bí 460 hẹ́kítà láàárín rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan igi ibẹ̀. Ní 1977, UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn igbó tí ó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé. Erin ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, bẹ́ẹ̀ ni irú erin inú igbó bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ kà mọ́ ẹranko tí ó fẹ́ẹ̀ parẹ́ tán ní 2021.

Kí ni èyí kan oníṣòwò? Igi ń fa omi láti inú ilẹ̀, ó ń mí in sójú ọ̀run, omi yìí a sì tún padà di òjò. Gbòǹgbò rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú. Bí a bá gé igi tán, òjò kò ní ráyè wọ ilẹ̀ mọ́. Yóò gbá iyẹ̀pẹ̀ dání, yóò sì kó o dà sínú odò. Odò wọ̀nyí gúúsù ni wọ́n ń ṣàn lọ, sí ọ̀dọ̀ àwọn ará etí omi. Ẹni tí ó gé igi lókè kò mọ̀ pé òun ń ta ẹrẹ̀ sí àwọ̀n apẹja nísàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí ó le jù ni ti kòkó. Gbogbo ayé mọ̀ pé oko kòkó ti wọ inú igbó ọba. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀daràn lójú ara wọn. Ilẹ̀ ni wọ́n wá, ọmọ ni wọ́n ń fi owó rẹ̀ rán níléèwé. Òfin ní kí wọ́n jáde, ebi ní kí wọ́n dúró. Ẹni tí ó bá sọ pé ọ̀rọ̀ yìí rọrùn kò tíì dé oko rí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin oníṣòwò kòkó, ẹ gbọ́ èyí. Ní 2023, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe òfin kan pé kòkó tí a gbìn sórí ilẹ̀ tí a gé igbó rẹ̀ lẹ́yìn 31 Oṣù Kejìlá 2020 kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ tà á fún wọn gbọ́dọ̀ lè fi ojú oko náà hàn lórí àwòrán ilẹ̀. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ òfin yìí síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n sísún kì í ṣe fífagilé. Yúróòpù sì ni oníbàárà kòkó wa tí ó tóbi jù. Ẹni tí ó bá ń ra kòkó láìbéèrè oko tí ó ti wá lè jí ní ọjọ́ kan kí ó bá ẹrù tí kò ní olùrà nílé ìkẹ́rùsí rẹ̀.

Ojú ọjọ́ tìkára rẹ̀ ti fi agbára rẹ̀ hàn ní ọjà. Ní 2024, owó kòkó ní ọjà ayé kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan, nítorí pé ojú ọjọ́ burú, àrùn sì kọlu oko ní Gánà àti Ivory Coast. Àwọn kan jèrè. Láti ìgbà náà ó ti wálẹ̀ púpọ̀, àwọn tí ó sì ra ẹrù pamọ́ lówó gọbọi mọ bí ó ti dùn wọ́n tó.

NÍBI TÍ ILẸ̀ TI PÀDÉ ÒKUN

Àbígí ni olú ìlú Ogun Waterside. Ìwòpin, Mákùn-Omi àti Òde-Omi wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ìjọba ìbílẹ̀ yìí ni ẹnu ọ̀nà Ìpínlẹ̀ Ògùn sí òkun Àtìláńtíìkì. Ẹja, ọkọ̀ ojú omi àti ọjà etí omi ni iṣẹ́ wọn. Láti nǹkan bí 1900, òkun ayé ti ga sókè ju 20 sẹ̀ǹtímítà lọ, nítorí pé yìnyín ń yọ́, omi tí ó gbóná sì ń wú. Ẹnìkan lè ní kí ni 20 sẹ̀ǹtímítà? Níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ó tó láti gba ojúde ilé.

Ẹ wo Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí ó wà ní etí òkun kan náà. Ní 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ tẹ̀ ẹ́ dó, ó sì gbajúmọ̀ gan-an fún iṣẹ́ ọwọ́ àti ìṣọ̀kan wọn. Lónìí, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé àti òpópónà ibẹ̀ lọ. Àwọn nǹkan mìíràn wà tí ó dá kún un, ṣùgbọ́n òkun tí ó ń ga kò ran ìlú náà lọ́wọ́. Ohun tí ó ṣe aládùúgbò ẹni, ìkìlọ̀ ni fún ẹni.

Ọ̀MỌ̀WÉ NÌKAN KÒ TÓ, ÀGBẸ̀ NÌKAN KÒ TÓ

Ní 1982 ni wọ́n dá yunifásítì sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, nígbà tí Olóyè Bísí Ọnàbánjọ jẹ́ gómìnà. Òun náà ni àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn láyé ìjọhun mọ̀ sí Ayékòótọ́. Ní 2001, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe yunifásítì náà. Ọ̀mọ̀wé wà níbẹ̀ nípa ilẹ̀, nípa ewéko àti nípa ẹranko. Ṣùgbọ́n ọ̀mọ̀wé kan kò lè wà ní oko gbogbo ní òwúrọ̀ gbogbo. Àgbẹ̀ ni ó wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ mọ ìgbà tí eèrà ń kó ẹyin rẹ̀, ó mọ igi tí ń rúwé kí òjò tó dé. Ohun tí àgbẹ̀ kò ní ni àkọsílẹ̀. Bí o bá bi í pé òjò ọdún kẹwàá sẹ́yìn ńkọ́, yóò ní ó pọ̀. Ó pọ̀ tó mélòó? Kò sí ìdáhùn.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí. Ní 1997, àgbàrá òjò pa ènìyàn 5 ní ìlú Fort Collins ní Amẹ́ríkà. Òjò náà pọ̀ gidigidi ní apá kan ìlú, kò sì tó nǹkan ní apá kejì, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ kò tètè mọ̀. Ní 1998, yunifásítì ibẹ̀ bẹ ará ìlú, àgbẹ̀ àti ọmọ iléèwé pé kí olúkúlùkù máa wọn òjò lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Lónìí, iṣẹ́ náà ti kárí gbogbo Amẹ́ríkà. Ní Áfíríkà níbí pẹ̀lú, ẹgbẹ́ kan tí ń jẹ́ TAHMO ń gbé ẹ̀rọ ìwọnjò sí ọgbà iléèwé, kí olùkọ́ lè fi kọ́ ọmọ, kí onímọ̀ sì rí iye òjò kà.

AGOLO KAN ÀTI RÚLÀ KAN

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kò ní láti dúró de ẹ̀rọ. Ẹ wá agolo tí ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì dúró ṣánṣán. Ẹ gbé e sí ibi tí igi tàbí òrùlé kò ti bò ó, kí ẹ so ó mọ́ òpó kí ó má baà ṣubú. Ní agogo 9 òwúrọ̀ lójoojúmọ́, kí ọmọ kan ti rúlà bọ inú rẹ̀, kí ó kọ iye mílímítà omi tí ó rí sínú ìwé, kí ó sì dà á nù. Bí kò bá sí omi, kí ó kọ 0. Òfo náà jẹ́ ìmọ̀.

Ẹ fi ṣe ìṣirò pẹ̀lú. Mílímítà 1 lórí mítà 1 níbùú lóròó jẹ́ lítà omi 1. Bí òrùlé iléèwé bá gùn ní mítà 20, tí ó sì fẹ̀ ní mítà 8, òjò 25 mílímítà kan yóò da 4,000 lítà sílẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tí yóò kún jẹ́ 160. Ọmọ tí ó bá ti ṣe ìṣirò yìí kò ní bi yín mọ́ pé níbo ni àgbàrá ti ń wá.

Bí iléèwé kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó, òmíràn ní Àgọ́-Ìwòyè àti òmíràn ní Àbígí bá ń ṣe èyí, tí wọ́n sì ń fi ìwé wọn ránṣẹ́ sí yunifásítì lóṣooṣù, ẹ ó rí ohun tí yóò tibẹ̀ jáde. Àgbẹ̀ yóò mọ̀ bóyá òjò Oṣù Kẹta jẹ́ òjò tòótọ́ tàbí ẹlẹ́tàn tí yóò pa irúgbìn rẹ̀. Ará etí omi yóò gbọ́ pé òjò ńlá ti rọ̀ lókè kí omi tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni àwọn onímọ̀ fi ń mọ ìṣe ojú ọjọ́. Ọmọ ọdún 10 tí ó bá bẹ̀rẹ̀ lónìí yóò jẹ́ ẹni 40 ọdún nígbà tí ìwé náà bá pé. Bí kò bá bẹ̀rẹ̀, yóò jẹ́ ẹni 40 ọdún bákan náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yóò ṣófo.

Iṣẹ́ oníṣòwò kò ṣòro. Ẹ bèèrè oko tí kòkó ti wá, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gba àgbẹ̀ níyànjú pé kí ó gbin igi ìbòòji sínú oko àtijọ́ dípò kí ó ṣá igbó tuntun. Ilé ìwádìí kòkó wà ní Ìdí-Ayùnrẹ́, nítòsí Ìbàdàn, níbi tí a ti lè béèrè irúgbìn tí ó dára. Ẹgbẹ́ ọjà kan lè ra agolo, rúlà àti ìwé fún iléèwé àdúgbò. Owó rẹ̀ kò tó owó àríyá ọjọ́ kan.

Ẹni tí ó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Òjò ń bọ̀, bí a kọ ọ́ sílẹ̀ tàbí a kò kọ ọ́. Ó yẹ kí ó bá wa pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́.